Ẹ̀rọ amúnáwá tí kì í mu epo: ẹ jẹ́ ká béèrè mítà kí a tó fi owó ránṣẹ́

Ohùn tí Dádì Ìbàdàn fi ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Wọ́n kọ́kọ́ kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n béèrè bóyá yìnyín ti ń já bọ́ ní Chicago, wọ́n ṣàdúrà fún ìdánwò wa, kí wọ́n tó wá sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn. Wọ́n ti rí ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀rọ amúnáwá tí kì í mu epo. Kì í mu bẹntiróòlù, kì í mu dísẹ́ẹ̀lì, kò sì nílò oòrùn. Wọ́n ní bí a bá ti tan án lẹ́ẹ̀kan, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa fún ara rẹ̀ lágbára. Owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan náírà. Kí àwa ọmọ tó wà lókè òkun dá a jọ, kí iná lè wà nílé Akóbọ̀ kí ọdún tó dé.

Àwa mẹ́rin la gbọ́ ọ, ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò, gbogbo wa la sì ń kàwé ní ìlú yìí. Èyí tó kéré jù nínú wa kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló tẹ̀ sínú gúrúùpù ìdílé: "Scam." Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí màmá rẹ̀ fi pè é láti ibi iṣẹ́. "Ṣé bí wọ́n ṣe ń dá àgbà lóhùn nìyẹn? Ta ló kọ́ ẹ?" Ó pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, ó tọrọ àforíjì, gbogbo wa sì dákẹ́.

Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló bí ohun tí a fẹ́ sọ lónìí. Ó dá wa lójú pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kà á ti bá ara yín níbẹ̀ rí. Nílé, wọ́n tọ́ wa pé a kì í pe àgbà ní òpùrọ́. Nílé ìwé, wọ́n ní kí a máa béèrè ẹ̀rí. Bí ọ̀rọ̀ owó bá wá wọ̀ ọ́, àárín méjèèjì la máa ń há sí. Àwa rò pé kò yẹ kó há wa. Ìbéèrè kan wà tí a lè bi ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ọba tàbí ọ̀jọ̀gbọ́n, tí kò ní ìwọ̀sí kankan nínú: mélòó ló wọlé, mélòó ló jáde, ta ló sì wọ̀n ọ́n?

Kí ẹnikẹ́ni má fi Dádì Ìbàdàn rẹ́rìn-ín o. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Lítà bẹntiróòlù kan tó wà ní nǹkan bíi ₦190 kọjá ₦480 láàrin ọjọ́ mélòó kan. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti lé ní ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ìlú. Ẹni tó ń ra epo lójoojúmọ́ kí ẹran inú fìríìjì má bàa bàjẹ́, bí o bá sọ fún un pé ẹ̀rọ kan wà tí kì í mu epo, etí rẹ̀ á ṣí. Tiwa náà á ṣí. Àwa tí iná kì í lọ nílé wa ní Rogers Park la lè jókòó sórí àga tìmùtìmù kí a máa pe ènìyàn ní òmùgọ̀.

Kì í sì í ṣe àwọn tó ń wá iná lójú méjèèjì nìkan ni irú ọ̀rọ̀ yìí ń mú. Ó ti mú àwọn olówó Amẹ́ríkà àti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ilẹ̀ Yúróòpù. Ẹ jẹ́ ká sọ ìtàn tiwọn fún yín, torí òun ló ràn wá lọ́wọ́ nígbà tí a fẹ́ dá Dádì lóhùn.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 1989, àwọn onímọ̀ kẹ́místrì méjì, Martin Fleischmann àti Stanley Pons, pe àwọn akọ̀ròyìn jọ ní Yunifásítì Utah. Wọ́n ní àwọn ti ṣe nínú ìgò omi ohun tí oòrùn ń ṣe lójú ọ̀run: àwọn mú kí átọ́ọ̀mù so pọ̀ mọ́ra, ooru sì ń tú jáde. Inú oòrùn, ooru tó tó ọ̀kẹ́ àìmọye ló ń fipá mú átọ́ọ̀mù so pọ̀. Tiwọn kò nílò irú ooru bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní cold fusion. Àwọn mìíràn gbìyànjú rẹ̀ ní MIT, ní Caltech, ní Harwell nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò rí i. Ọ̀rọ̀ náà rọlẹ̀, ṣùgbọ́n kò kú.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2011, ará Ítálì kan tó ń jẹ́ Andrea Rossi gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ jáde ní Bologna. E-Cat ló pè é. Ó ní níkẹ́ẹ̀lì díẹ̀ àti haidirójìn ló wà nínú rẹ̀, pé ooru tó ń jáde pọ̀ ju iná tó ń wọlé lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, àti pé èèyàn lè lo epo inú rẹ̀ fún oṣù 6 kó tó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin Ìbàdàn yẹn ni, Ítálì ló kàn ti wá?

Báwo ni wọ́n ṣe mọ ooru tó jáde? Omi ni wọ́n gbà kọjá nínú ẹ̀rọ náà, wọ́n ní gbogbo rẹ̀ ló di oruku, wọ́n sì ṣírò ooru láti ibẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ìbéèrè wà. Láti mú lítà omi kan láti tútù dé ìgbà tó bá hó, kò gbà ju nǹkan bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá yúnìtì iná. Láti sọ omi tó ń hó yẹn di oruku pátápátá gba ju ìlọ́po mẹ́fà èyí lọ. (Yúnìtì tí à ń wí ni èyí tí wọ́n ń rà sórí mítà ní Nàìjíríà, òun náà ni ComEd ń kà sí wa lọ́rùn níbí lóṣooṣù.) Nítorí náà, bí èyí tó pọ̀ jù nínú omi náà bá kàn gbóná, tó sì ń ṣàn lọ pẹ̀lú oruku díẹ̀, tí ẹni tó ń ṣírò wá kà á pé gbogbo rẹ̀ ló di oruku, èrè ńlá á yọ lórí ìwé, kò ní sí èrè kankan nínú ẹ̀rọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣí ìdérí ìkòkò àmàlà rí mọ̀ pé omi lè hó kó sì máa rú láìtíì gbẹ.

Ìdánwò tó lókìkí jù wáyé ní Lugano, ní Switzerland, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2014. Ó gba ọjọ́ 32. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láti Ítálì àti Sweden ló kọ ìròyìn rẹ̀. Wọ́n ní gíráàmù 1 péré ni ìyẹ̀fun tó wà nínú ẹ̀rọ náà, èrè ooru tó sì mú wá lórí iná tó wọlé tó yúnìtì 1,500. Èyí dà bí ìgbà tí èèyàn sun bẹntiróòlù tó lé ní lítà 160, ó sì ní ohun tí kò tó ẹ̀kún ṣíbí kan ni òun fi ṣe é.

A ò ní sọ pé nítorí pé epo rẹ̀ kéré ni ọ̀rọ̀ náà fi ṣòro gbà. Gíráàmù 1 yuréníọ̀mù, irú èyí tí wọ́n ń lò ní Byron àti Braidwood ní ìpínlẹ̀ Illinois wa yìí, bí gbogbo átọ́ọ̀mù rẹ̀ bá là, ooru rẹ̀ ju yúnìtì 20,000 lọ. Agbára púpọ̀ wà nínú átọ́ọ̀mù lóòótọ́. Ohun tó yẹ kí a béèrè ni pé, epo tí wọ́n ní ó jó yìí, báwo ló ṣe jó?

Wọ́n yẹ eérú inú ẹ̀rọ náà wò. Oríṣi níkẹ́ẹ̀lì mélòó kan ló wà nínú ayé. Èyí tí wọ́n ń pè ní níkẹ́ẹ̀lì-62 kò tó 4 nínú 100 nínú níkẹ́ẹ̀lì tí a ń wà nílẹ̀. Nínú eérú tí wọ́n gbé wá, ó ju 98 nínú 100 lọ. A jẹ́ pé gbogbo epo ti jó tán nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo tábìlì inú ìròyìn kan náà: ooru àwọn ọjọ́ tó kẹ́yìn kò yàtọ̀ sí ti àwọn ọjọ́ tó ṣáájú wọn. Ta ló ti dáná igi rí, tí igi jó di eérú tán, tí iná kò sì dínkù? Màmá tó ń dín àkàrà lẹ́bàá ọ̀nà yóò béèrè èyí kí ọ̀jọ̀gbọ́n kankan tó béèrè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, èèyàn lè ra níkẹ́ẹ̀lì-62 tí wọ́n ti ṣà lọ́tọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á. Ìròyìn náà fúnra rẹ̀ sì sọ pé Rossi wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń da ìyẹ̀fun sínú ẹ̀rọ àti nígbà tí wọ́n ń kó o jáde. A ò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ohun tí à ń sọ ni pé ẹni tó ń ta ọjà kì í ṣe ẹni tó yẹ kó di òṣùwọ̀n mú.

Ooru náà ńkọ́? Lọ́tẹ̀ yìí, wọn kò fi omi wọ̀n ọ́n. Kámẹ́rà ni wọ́n fi wò ó láti òkèèrè. Irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ kò lè mọ bí nǹkan ṣe gbóná tó àyàfi bí o bá sọ fún un irú ara tí nǹkan náà ní. Bí o bá ṣì í sọ, òun náà á ṣì í kà. Àwọn tó tún ìṣirò náà ṣe ní ooru tó jáde lè má ju iná tó wọlé lọ rárá.

Owó wá dé. Ilé iṣẹ́ kan ní North Carolina, Industrial Heat, ti san mílíọ̀nù 11.5 dọ́là, yóò sì san mílíọ̀nù 89 sí i bí ìdánwò ọdún kan bá yọrí sí rere. Wọ́n gbé ẹ̀rọ tí wọ́n ní yóò mú ooru mẹ́gáwáàtì 1 jáde sí ilé ìkẹ́rùsí kan ní Doral, nítòsí Miami. Mẹ́gáwáàtì kan jẹ́ ooru hot plate ẹgbẹ̀rún kan tí wọ́n tàn pa pọ̀ tọ̀sán-tòru, nínú ilé kan, ní Florida! Níbo ni ooru náà gbà jáde? Wọ́n bi ara wọn léèrè èyí ní kóòtù, torí Industrial Heat kọ̀ láti san ìyókù owó, wọ́n ní àwọn kò lè rí ooru tí Rossi ń wí bí àwọn bá dán an wò fúnra àwọn. Rossi pè wọ́n lẹ́jọ́ ní oṣù Kẹrin ọdún 2016, wọ́n sì parí rẹ̀ láàrin ara wọn ní oṣù Keje ọdún 2017. Kò sí adájọ́ tó sọ bóyá ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́.

Bí ẹnìkan bá ní òun ó dá aṣọ fún ọ, ti ọrùn rẹ̀ ni kí o wò. Ti ọrùn Rossi ti wà ní àkọsílẹ̀ ṣáájú gbogbo èyí, ní Champaign, ìrìn wákàtí méjì ààbọ̀ sí Chicago. Yàrá ìwádìí ẹ̀ka ìkọ́lé àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó wà níbẹ̀ gbé ìròyìn jáde ní 2004 lórí ẹ̀rọ mìíràn tí Rossi ṣe, èyí tó yẹ kó máa sọ ooru di iná. Wáàtì 800 sí 1,000 ni wọ́n ń retí láti inú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n yẹ̀ wò. Mọ́kàndínlógún kò mú iná kankan wá. Mẹ́jọ tó kù, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò tó wáàtì 1.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi wáàtì 1 yẹn sọ́kàn.

Àwọn kan á ní, ṣebí gbogbo nǹkan tuntun ni wọ́n máa ń fi ṣẹ̀sín ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó dáa. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì 55 wá sí Hyde Park, kí ẹ rìn dé Ellis Avenue, láàrin òpópónà 56 àti 57. Ère bàbà kan wà níbẹ̀ tó dà bí orí agbárí, Henry Moore ló ṣe é. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti gba iwájú rẹ̀ kọjá pẹ̀lú kọfí lọ́wọ́ láìbéèrè ohun tó jẹ́. Ibẹ̀ ni, lábẹ́ àwọn ìjókòó pápá ìṣeré Stagg Field àtijọ́, ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá ọdún 1942, ni Enrico Fermi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ́kọ́ mú kí átọ́ọ̀mù yuréníọ̀mù máa là tẹ̀lé ara wọn lábẹ́ àkóso. Ará Ítálì lòun náà, àjèjì ní Amẹ́ríkà bíi tàwọn òbí wa. (Ohun tí iṣẹ́ náà bí ní Hiroshima ní 1945 kò ṣàjèjì sí wa, kì í ṣe oríyìn la fẹ́ kọ.)

Nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 40 yuréníọ̀mù ni wọ́n tò síbẹ̀. Mélòó lẹ rò pé ó jáde? Ìdajì wáàtì kan. Kò lè tan gílóòbù tó kéré jù nílé yín. Ìdajì wáàtì náà ni wọ́n sì kọ sílẹ̀. Wọn ò bù kún un. Ṣáájú kí wọ́n tó dé ibẹ̀, wọ́n ń fa ọ̀pá ìdádúró jáde díẹ̀díẹ̀, Fermi ń ṣírò ohun tí mítà yóò kà kí ó tó kà á, mítà sì ń kà á bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, wọ́n gbé e dé wáàtì 200. Lónìí, ó ju ìdajì iná tí ìpínlẹ̀ Illinois ń mú jáde lọ tó ń ti inú núkílíà wá. Nítorí náà, a kì í kẹ́gàn nǹkan nítorí pé ó kéré, bí wọ́n bá ti wọ̀n ọ́n. Cold fusion náà, wọn kò pa á tì láìwò ó: Google náwó lé àwọn olùwádìí lórí láti tún un yẹ̀ wò, wọ́n sì gbé àbájáde wọn jáde nínú ìwé ìròyìn Nature ní 2019. Wọn kò rí ẹ̀rí rẹ̀.

Tiwa-n-tiwa ńkọ́? Ẹ ó rántí àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin tí wọ́n gbé ẹ̀rọ amúnáwá tó ń lo ìtọ̀ wá sí Maker Faire Africa ní Èkó ní oṣù Kọkànlá ọdún 2012. Ọjọ́ orí wọn kò ju 14 sí 15 lọ. Ìtọ̀ lítà 1, iná wákàtí 6: bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn, gbogbo ayé sì pín in. Títí di òní, ó ṣì ń padà wá sórí fóònù wa. Inú wa dùn sí i nígbà yẹn, ó ṣì ń dùn mọ́ wa pé ọmọ Èkó fọwọ́ ara wọn kan irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n wákàtí 6 ti kí ni? Ti fìríìjì ni àbí ti gílóòbù? Akọ̀ròyìn tó béèrè kò pọ̀. Haidirójìn tó wà nínú yúríà lítà ìtọ̀ kan kò ju nǹkan bíi gíráàmù 2 lọ. Bí ẹ bá sun gbogbo rẹ̀ nínú ẹ̀rọ kékeré bíi I better pass my neighbour, iná tó máa fún yín kò lè gbé gílóòbù wáàtì 60 kọjá ìṣẹ́jú 15. Iná la sì gbọ́dọ̀ fi ya haidirójìn náà kúrò lára ìtọ̀. Kódà bí a bá yà á láìfi nǹkankan ṣòfò, èyí tí a ó fi yà á ju èyí tí ẹ̀rọ náà máa dá padà lọ. Kì í ṣe pé ìmọ̀ náà kò wúlò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Gerardine Botte àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ohio ti kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 2009, yíyọ haidirójìn lára ìtọ̀ sì lè bá wa fọ omi ìdọ̀tí mọ́. Àwọn ọmọ yẹn kò jalè, wọn ò sì ta nǹkankan fún ẹnikẹ́ni. Àwa tó ń gbé ìròyìn la já wọn kulẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ì bá sọ iṣẹ́ ilé ìwé wọn di ìwádìí gidi, a kò bi wọ́n, a kàn pàtẹ́wọ́.

Ìdí nìyẹn tí a kò fi fẹ́ pàtẹ́wọ́ fún Dádì Ìbàdàn, tí a kò sì fẹ́ sọ "scam". A jókòó yí fóònù ká ní alẹ́ ọjọ́ kejì, a sì fi ohùn ránṣẹ́. A kí wọn. A ní, "Dádì, ẹ kú àìsùn lórí wa. Owó náà kò ju agbára wa lọ bí a bá pawọ́ pọ̀. Ẹ bá wa bẹ ọkùnrin náà kó gbé ọ̀kan wá sí Akóbọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Kí ó fi fìríìjì àti fáànù méjì sórí rẹ̀ tọ̀sán-tòru, kí oníná àdúgbò bá wa fi mítà sí i, kí ó sì tú ìdérí rẹ̀ wò. Bó bá ṣiṣẹ́, méjì la máa rà."

Ọjọ́ mẹ́rin la fi retí èsì. Ọkùnrin náà ti kọ̀. Ó ní àṣírí iṣẹ́ òun wà nínú rẹ̀, pé ẹni tó bá tú ìdérí rẹ̀ ti ba ẹ̀rí ìdúróṣinṣin rẹ̀ jẹ́, àti pé wákàtí méjì ni òun máa ń fi í hàn. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, ẹ̀rọ tí aládùúgbò kan lópòópónà wọn ti rà lọ́wọ́ rẹ̀ kú ní òru ọjọ́ kejì. Oníná tú u. Bátìrì ọkọ̀ méjì àti inverter ló bá nínú rẹ̀, pẹ̀lú mọ́tò kan tó kàn ń yí fún ariwo. Aládùúgbò náà ti fẹ̀yìn tì. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ló fi rà á.

Dádì kò bínú sí wa. Wọ́n ní kí a bá àwọn kí àbúrò wa tó kọ "scam", pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ́ sí i, ẹnu rẹ̀ ló kù kí a tọ́. A lo àǹfààní náà, a ní bóyá kí a kúkú dá owó náà jọ fún sólà, a sì fi àwòrán páànẹ́ẹ̀lì mẹ́fà ránṣẹ́ pẹ̀lú ohun tí olùtajà kọ sábẹ́ rẹ̀, pé yóò gbé gbogbo ilé.

Kò tó ìṣẹ́jú kan tí èsì fi dé. "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Ta ló wọ̀n ọ́n?"